Kí Ló Bàjẹ́ Nínú Fáìlì Tó Bàjẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti gba oorun lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́: "database disk image is malformed". Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ni pé fáìlì tí òun fẹ́ ṣí kò rí bó ṣe yẹ kó rí mọ́. Ẹni tó bá kó orúkọ ọmọ ilé-ìwé ọdún mẹ́wàá, tàbí ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tàbí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn kékeré kan sínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí pé gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ìtumọ̀ yẹn a máa fa àdánù ju ìbàjẹ́ fúnra rẹ̀ lọ, torí ẹni tó ti gbà pé kò sí nǹkan kan mọ́ kì í ṣọ́ra fún ohun tó kù. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé nínú ọ̀pọ̀ fáìlì dátábéèsì tó bàjẹ́, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà dé ibi tí àkọsílẹ̀ wà ló gé. Àkọsílẹ̀ náà ṣì wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìgbàpadà di iṣẹ́ kíkà. Ẹni tó bá sáré sọ ọ́ di iṣẹ́ títúnṣe ló sábà máa ń parí ohun tí ìjàǹbá bẹ̀rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀, irú dátábéèsì kan ni n ó máa tọ́ka sí jù, ìyẹn SQLite. D. Richard Hipp, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ ní ọdún 2000, lẹ́yìn tí iṣẹ́ tó ń ṣe lórí ètò kọ̀ǹpútà kan fún ọkọ̀ ojú omi ológun ti jẹ́ kó rí i pé dátábéèsì tó gbára lé ẹ̀rọ mìíràn a máa dá iṣẹ́ dúró nígbà tí ẹ̀rọ kejì yẹn bá kú. Ó wá kó dátábéèsì odindi sínú fáìlì kan ṣoṣo tí kò nílò ẹ̀rọ kejì. Lónìí, SQLite wà nínú fóònù Android àti iPhone. Inú rẹ̀ ni WhatsApp ń kó ọ̀rọ̀ wa sí lórí fóònù, inú rẹ̀ náà ni Firefox àti Chrome ń kọ ojúlé tí a ti yà sí. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti tẹ ìtumọ̀ gbogbo báìtì inú fáìlì náà jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, wọ́n sì tún kọ ọ̀nà tí fáìlì náà lè gbà bàjẹ́ jáde láìfi nǹkan kan bò. Ìwà òótọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lórí rẹ̀, torí láìsí i, gbogbo ohun tí n ó sọ nísàlẹ̀ yìí ì bá jẹ́ àbá lásán.

Fáìlì náà pín sí ojú ìwé tó dọ́gba, èyí tó wọ́pọ̀ jù sì jẹ́ 4,096 báìtì fún ojú ìwé kan. Báìtì 100 àkọ́kọ́ jẹ́ ti orí fáìlì. 16 tó ṣáájú nínú wọn ni a fi ń dá a mọ̀, torí "SQLite format 3" ló wà níbẹ̀ nínú gbogbo fáìlì irú yìí. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kan náà ló ń sọ orúkọ àtẹ kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà ojú ìwé tí gbòǹgbò àtẹ náà wà. Mo ní gbòǹgbò, torí igi ni àtẹ kọ̀ọ̀kan: irú igi tí Rudolf Bayer àti Edward McCreight gbé kalẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ilé-iṣẹ́ Boeing, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1972. Gbòǹgbò ń tọ́ka sí ẹ̀ka, ẹ̀ka ń tọ́ka sí ewé, ewé nìkan ló sì ń ru àkọsílẹ̀. Kò sí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan lójú ìwé ẹ̀ka. Nọ́ńbà tí a fi ń yà sápá ọ̀tún tàbí sápá òsì ló wà níbẹ̀. Bí fáìlì kan bá tó nǹkan bí 40 mẹ́gábáìtì, nǹkan bí 10,000 ojú ìwé ni yóò wà nínú rẹ̀. Ojú ìwé ẹ̀ka kan lè tọ́ka sí ewé tó lé ní 300, nítorí náà ẹ̀ka tí kò tó 40 ti tó láti mú ẹ̀rọ dé gbogbo ewé yòókù. Ẹ wá ro ohun tí ìṣirò yìí ń sọ fún wa. Bí ojú ìwé gbòǹgbò kan ṣoṣo bá bàjẹ́, ẹ̀rọ á ní òun kò lè ka àtẹ náà rárá, bẹ́ẹ̀ ojú ìwé kan nínú 10,000 ló lọ. Ariwo ìbàjẹ́ náà pọ̀ ju ìbàjẹ́ lọ fíìfíì.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé ewé kọ̀ọ̀kan mọ ara rẹ̀. Báìtì tó ṣáájú lójú ìwé ewé jẹ́ nọ́ńbà 13. Ti ẹ̀ka jẹ́ 5. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iye àkọsílẹ̀ tó wà lójú ìwé náà àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń sọ gígùn ara rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀, àti irú ohun tó wà nínú àlàfo rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bóyá nọ́ńbà ni tàbí ọ̀rọ̀, àti iye báìtì tí ó gbà. Ó dà bí ilé tí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ti hu koríko, àmọ́ tí orúkọ onílé àti iye yàrá ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Orí èyí ni wọ́n kọ́ àṣẹ .recover tí wọ́n fi kún SQLite ní ọdún 2019 lé. Àṣẹ tó ti wà tipẹ́, ìyẹn .dump, ń gba ọ̀nà igi lọ, kò sì lè rí ewé tí ẹ̀ka kankan kò tọ́ka sí mọ́. Ní ti .recover, bí igi bá dá, á máa ti ojú ìwé bọ́ sí ojú ìwé, á máa wò ó bóyá ewé ni, á sì kọ ohun tó bá kà nínú rẹ̀ jáde kí a lè fi kọ́ fáìlì mìíràn. Ẹ kíyè sí i pé àṣẹ yìí kò tún fáìlì tó bàjẹ́ ṣe. Ó kà á, ó sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ̀rí tó ga jù tí mo mọ̀ lórí bí dátà ṣe ń tẹpẹlẹ mọ́ ibi tí a kọ ọ́ sí wá láti ojú sánmà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2003, ọkọ̀ òfuurufú Columbia fọ́ sí wẹ́wẹ́ lókè ilẹ̀ Texas, àwọn méjèèje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Lára ohun tí wọ́n ṣà nílẹ̀ lẹ́yìn náà ni díìsìkì kan tó gbé èsì ìwádìí lórí gáàsì xenon. Iná ti jó ìta rẹ̀, eruku ti wọ inú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ontrack rí èyí tó pọ̀ jù nínú dátà náà kà, wọ́n sì tẹ èsì ìwádìí náà jáde ní ọdún 2008. Ohun kan tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé DOS ni kọ̀ǹpútà tí díìsìkì náà wà nínú rẹ̀ ń lò, DOS kì í sì í fọ́n dátà káàkiri díìsìkì; ó ń kọ ọ́ tẹ̀lé ara wọn. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé díìsìkì tó jábọ́ láti òkè yàtọ̀ sí fáìlì tó bàjẹ́ ní ọ́fíìsì, òótọ́ sì ni. Mo mú un wá kí a lè rí i pé bí ohun tí a kọ bá tò dáadáa, kíkà rẹ̀ ṣeé ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá tó le ju èyí tó máa ń bá wa lọ.

Kí ló wá ń ba fáìlì dátábéèsì jẹ́? Iná tó lọ lójijì ló kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn, pàápàá ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń mú iná lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ iná tó lọ nìkan kò yẹ kó ba SQLite jẹ́. Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ń yọ 50,000 náírà kúrò nínú owó ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ láti fi san gbèsè ẹni náà. Ojú ìwé méjì ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yí padà. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, owó ti kúrò níbì kan, kò sì dé ibì kejì. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, SQLite á kọ́kọ́ da ohun tó wà lójú ìwé méjèèjì tẹ́lẹ̀ kọ sínú fáìlì kejì tí orúkọ rẹ̀ ń parí pẹ̀lú "-journal", á rí i pé ó ti dé orí díìsìkì, lẹ́yìn náà ni á wá fọwọ́ kan fáìlì gan-an. Nígbà tí iná bá dé, á rí fáìlì kejì yẹn nílẹ̀, á mọ̀ pé iṣẹ́ kan kò parí, á sì dá ojú ìwé méjèèjì padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ọ̀nà mìíràn tún wà láti ọdún 2010, níbi tí ìyípadà tuntun ti ń kọ́kọ́ wọ inú fáìlì tó parí pẹ̀lú "-wal" kó tó wọ inú fáìlì ńlá. Nínú ọ̀nà méjèèjì, fáìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ ara dátábéèsì bí ọwọ́ ṣe jẹ́ ara ènìyàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Ẹni tó ń tún ilé kọ̀ǹpútà ṣe rí fáìlì "-journal", ó rò pé pàǹtírí ni, ó pa á rẹ́. Ohun tí a ì bá fi dá iṣẹ́ tó gé padà sípò lọ nìyẹn. Ẹlòmíràn da fáìlì ńlá nìkan kọ sínú fláàṣì, ó fi "-wal" sílẹ̀, iṣẹ́ tó wà nínú "-wal" nígbà náà kò sì bá a lọ. Ẹlòmíràn ṣe ẹ̀dà fáìlì nígbà tí ètò ṣì ń kọ̀wé sínú rẹ̀, ìdajì ẹ̀dà náà jẹ́ ti àtijọ́, ìdajì jẹ́ ti ìsinsìnyí. Ẹlòmíràn gbé fáìlì sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í ti ilẹ̀kùn bó ṣe yẹ nígbà tí ẹnì kan bá ń kọ̀wé, ẹni méjì sì ń kọ̀wé sójú ìwé kan náà. Àwọn fláàṣì ayédèrú tún wà lọ́jà, tí wọ́n kọ iye tó pọ̀ sára wọn, tí inú wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Bó bá kún, á máa kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí ti fláàṣì yìí, ọwọ́ ènìyàn tàbí ètò tí ènìyàn tò ló wà nínú gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí PostgreSQL, dátábéèsì tó tóbi ju SQLite lọ, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá gbọ́kàn lé. Ní ọdún 2018, àwọn tó ń kọ ọ́ wá mọ̀ pé ìgbàgbọ́ kan tí wọ́n ti dì mú fún nǹkan bí 20 ọdún kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí dátábéèsì bá ní kí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, rí i dájú pé ojú ìwé kan ti dé orí díìsìkì, tí díìsìkì sì kọ̀, Linux á sọ pé kò ṣeé ṣe. PostgreSQL á tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, Linux á ní ó ti dé. Kò dé ibì kankan: Linux ti ka ojú ìwé náà sí èyí tó mọ́ lẹ́yìn ìkùnà àkọ́kọ́, kò sì sí ohun tó kù láti kọ lójú tirẹ̀. Àtúnbéèrè ló ń bo àdánù mọ́lẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2019 kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀: nígbà tí díìsìkì bá kọ̀, PostgreSQL á dá ara rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, á sì tún ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ kà láti ibi tó dá a lójú. Àwọn tó mọ dátábéèsì yìí dénú pinnu pé nígbà iyèméjì, kí a dúró kí a kà sàn ju kí a tún gbìyànjú láti kọ lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ní ṣíṣe nígbà tí fáìlì bá bàjẹ́ ti hàn láti inú èyí. Kí ètò tó ń lò ó dúró, kí a sì ṣe ẹ̀dà fáìlì náà pẹ̀lú "-journal" tàbí "-wal" rẹ̀ sórí díìsìkì mìíràn, kí ohunkóhun tó bá kù láti ṣe jẹ́ lórí ẹ̀dà. Ṣíṣí fáìlì lásán kì í ṣe wíwò lásán, torí nígbà tí a bá ṣí i ni SQLite ń wá iṣẹ́ tó gé, tó sì ń kọ̀wé láti dá a padà. Bí "-journal" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti fáìlì mìíràn, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò fi bo tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá gbé ètò ìgbàpadà sórí díìsìkì kan náà ń fi ètò yẹn bo àyè tí dátà rẹ̀ lè wà. MySQL, dátábéèsì mìíràn, ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìpele 6 fún ṣíṣí dátábéèsì tó bàjẹ́ tipátipá, àwọn tó kọ ọ́ sì ń kìlọ̀ fúnra wọn pé láti ìpele 4 lọ sókè, ó lè ba fáìlì jẹ́ títí láé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn àgbà kò rí dátábéèsì nígbà tí wọ́n sọ èyí, àmọ́ n kò mọ iṣẹ́ tó bá ọ̀rọ̀ náà mu ju iṣẹ́ yìí lọ.

Àtakò kan wà tí mo mọ̀ pé yóò ti máa bọ̀ lẹ́nu òǹkàwé: kí la fẹ́ fi gbogbo wàhálà yìí ṣe nígbà tí ẹni tó gbọ́n ti ní ẹ̀dà ìpamọ́? Ẹ̀dà ìpamọ́ dára, n kò sì ní sọ ohunkóhun tó máa mú ẹnikẹ́ni fojú fò ó. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ GitLab ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017. Òṣìṣẹ́ kan tó ń gbìyànjú láti tún ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì wọn ṣe pa àkójọ fáìlì rẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kò yẹ. Kó tó dá a dúró, nǹkan bí 300 gígábáìtì ti di 4.5. Ọ̀nà ìpamọ́ tó lé ní ẹyọ kan ni ilé-iṣẹ́ náà ní, àmọ́ nígbà tí wọ́n yà sí wọn, wọ́n rí i pé èyí tó yẹ kó máa da dátábéèsì kọ jáde lójoojúmọ́ ti ń kùnà, torí pé ẹ̀dà 9.2 irinṣẹ́ náà ni wọ́n ń lò fún dátábéèsì 9.6, ìwé ìkìlọ̀ tó sì yẹ kó sọ fún wọn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tó yọ wọ́n ni àwòrán díìsìkì kan tí ẹnì kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ yà ní nǹkan bí wákàtí 6 ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ wákàtí 6 yẹn kò padà. GitLab kọ gbogbo rẹ̀ jáde fún aráyé, èyí ló sì jẹ́ kí a lè kẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀dà ìpamọ́ tí a kò tíì fi kọ́ dátábéèsì kan rí gẹ́gẹ́ bí ìdánwò kò tíì di ẹ̀dà. Èyí tó dára pàápàá ń dúró sí ọjọ́ tí a ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ ìjàǹbá, inú fáìlì tó bàjẹ́ nìkan ló wà. Ẹni tó ní ẹ̀dà àná ṣì nílò láti mọ bí a ṣe ń ka ti òní.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ, n kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ó ní: bí a bá tilẹ̀ rí dátà kà, báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni? Nígbà tí a bá pa àkọsílẹ̀ kan rẹ́ nínú SQLite, bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀, báìtì rẹ̀ kì í kúrò. Àyè rẹ̀ ni ètò ń kà sí òfìfo títí tí nǹkan mìíràn yóò fi bò ó. Àṣẹ .recover a máa ka àwọn ojú ìwé tí a ti sọ di òfìfo bẹ́ẹ̀ náà, àyàfi tí a bá ní kó má ka wọ́n. Nítorí náà, gbèsè tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ti san tán, tí akọ̀wé sì ti pa rẹ́, lè jíǹde nínú fáìlì tuntun pẹ̀lú orúkọ ẹni náà lára rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, oògùn tí dókítà ti fagi lé lè padà wá sábẹ́ orúkọ aláìsàn. Ohun mìíràn tún wà: SQLite kì í fi àmì ìdánilójú, tí a lè fi mọ̀ bóyá báìtì ti yí padà, sára ojú ìwé rẹ̀ bí a kò bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bíìtì kan ṣoṣo tó yí padà lórí díìsìkì lè sọ 50,000 di 58,192. Bí a bá lo àṣẹ integrity_check, tó ń yẹ igi náà wò láti gbòǹgbò dé ewé, á ní kò sí wàhálà, torí 58,192 jẹ́ nọ́ńbà tó pé bí 50,000 ṣe pé. Ìdáhùn mi ni pé àtakò yìí tọ̀nà, ohun tó sì ń bi ṣubú ni àṣà gbígbé fáìlì tí a gbà padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí a kà jáde nínú fáìlì tó bàjẹ́ jẹ́ ẹ̀rí, ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rí mìíràn pàdé: àpapọ̀ owó tó wà nínú ìwé báńkì, rìsíìtì, ìwé tí wọ́n fi gègé kọ. Níbi tí méjèèjì kò bá ti bára mu, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò bára mu.

Ọ̀rọ̀ kan kan àwa tó ń kọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n níbí, n kò sì rí i kí wọ́n máa sọ ọ́ tó. Bí fáìlì bá bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ewé pàápàá kò ṣeé dá mọ̀, irinṣẹ́ ìkẹyìn tí ọ̀pọ̀ ń lò ni èyí tó ń jẹ́ strings, tó ti pẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Unix. Ó ń gba inú fáìlì kọjá, á sì tẹ ibi tó bá ti rí lẹ́tà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó tẹ̀lé ara wọn. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló ń wá, bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un. Orúkọ náà "Johnson" jẹ́ lẹ́tà 7, báìtì 7 ló gbà, yóò sì jáde lódindi. "Adébáyọ̀" jẹ́ lẹ́tà 7 bákan náà, àmọ́ báìtì 13 ló gbà: é àti á gba báìtì méjì-méjì, ọ nìkan gba mẹ́ta, àmì ohùn orí rẹ̀ gba méjì mìíràn. Ohun tí strings rí ni A àti d, lẹ́yìn náà b, lẹ́yìn náà y. Kò sí ibi tí mẹ́rin ti tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà kò ní tẹ nǹkan kan. Ẹni tó ń wò ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí orúkọ kankan nínú fáìlì náà mọ́, kó sì pa á rẹ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó péye. A tún lè kọ é sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì tó jọra lójú ṣùgbọ́n tí báìtì wọn yàtọ̀, ẹni tó bá ń wá orúkọ nínú fáìlì sì gbọ́dọ̀ wá a ní ọ̀nà méjèèjì. Èyí kò túmọ̀ sí pé ká jáwọ́ nínú fífi àmì sórí orúkọ wa. Irinṣẹ́ ló yẹ kó mọ̀ wá, àṣẹ .recover sì mọ̀ wá, torí iye báìtì tí àkọsílẹ̀ sọ ló ń tẹ̀lé, kò bìkítà irú lẹ́tà tó wà nínú wọn.

Ibi tí àlàyé mi dópin wà. Bí dátà bá wà lórí fóònù tuntun tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dátà pa, tí kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú fóònù náà sì ti bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ewé kò ní báìtì 13 tí a lè dá mọ̀. Gbogbo rẹ̀ á dà bí iyanrìn. Díìsìkì SSD náà a máa nu àyè fáìlì tí a ti pa rẹ́ fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn kí ènìyàn tó ronú pé òun fẹ́ ẹ padà. Ọ̀daràn tó bá fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ti dátà pa ti ba ewé jẹ́, kò fi ọ̀rọ̀ mọ sí ẹ̀ka. Nínú irú ìwọ̀nyí, ẹ̀dà ìpamọ́ nìkan ló kù, ẹni tó bá sì ń gba owó lórí ìlérí mìíràn ń tan ènìyàn jẹ ni.

Níbi tí ewé bá wà, iṣẹ́ kan tún kù tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe. Bí ojú ìwé àkọ́kọ́ bá ti lọ, orúkọ àwọn àtẹ àti orúkọ òpó inú wọn ti bá a lọ. .recover á kó àwọn ewé tí kò rí ilé wọn mọ́ sínú àtẹ kan tó ń jẹ́ lost_and_found, á sì pe òpó wọn ní c0, c1, c2, títí lọ. Ìlà kan lè ní nọ́ńbà 4, ọ̀rọ̀ "Adébáyọ̀", nọ́ńbà 50000 àti nọ́ńbà 12000 nínú. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó gbà á padà kò mọ̀ bóyá 12000 jẹ́ gbèsè tàbí owó ìdásílẹ̀, bóyá 4 jẹ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ tàbí oṣù tó sanwó. Akọ̀wé tó ti ń tẹ nọ́ńbà wọ̀nyẹn wọlé láti ọdún pípẹ́ ni yóò jókòó tì í, tí yóò wo ìlà mẹ́wàá, tí yóò sì sọ pé c3 ni gbèsè, torí ó rántí ẹni tó jẹ 12,000 lọ́dún tí òjò pọ̀.